Ẹ Jẹ́ Ká Máa Kọ Ọ́ Sílẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹyẹ àti Ìjàpá Etí Òkun Wa

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ oníròyìn sọ níbi àpéjọ ọdún yìí. A tẹ̀ ẹ́ bó ṣe sọ ọ́.)



Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni n óò sọ, torí pé iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe. Mo ní ká fi ti ìṣèlú sílẹ̀, ẹ ti gbọ́ ọ lórí rédíò láàárọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni mo bá wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo rí yín o. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ, ọ̀rọ̀ ìjàpá òkun, àti ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn bíi tèmi tiyín, tí kì í ṣe onísáyẹ́ǹsì, tí wọ́n ń lọ sí etí òkun láti ka nǹkan wọ̀nyí, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú ìwé láìgba kọ́bọ̀. Ẹ mọ̀ mí, Pólì ni mo lọ, báyọ́lọ́jì mi ní ilé ẹ̀kọ́ yìí kò sì dára tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wa tó kọ́ wa ní báyọ́lọ́jì jókòó níwájú níbí yìí, wọ́n lè jẹ́rìí.

Ẹ̀gbọ́n kan ti sọ fún mi níta pé Yorùbá kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, pé kí ló wá kàn mí tí mo fi fẹ́ máa ka ohun tí Olúwa dá. Òótọ́ ni, sà. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta akàn lọ́jà mọ iye akàn tó wà nínú agbọ̀n rẹ̀, ẹni tó bá sì mú ẹyọ kan níbẹ̀ láìsanwó á gbọ́ èébú ìran baba rẹ̀. Ìyá yẹn ni mo fẹ́ ká fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí gbogbo wa ti rí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dé etí òkun láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kẹta ti rí ẹyẹ kan, bí kò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ẹyẹ kékeré ni, ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí eérú, àyà rẹ̀ funfun, ẹsẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ dúdú. Bí ìgbì bá fà sẹ́yìn, á sáré tẹ̀lé e, á máa ṣa nǹkan jẹ lórí iyanrìn tútù. Bí ìgbì bá tún ń bọ̀, á sáré padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa yí bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tí wọ́n kó àwa JSS 1 lọ sí Bar Beach, a lé e títí ó fi rẹ̀ wá. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò mú un. Sanderling ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Kò wúwo ju ẹyin adìẹ kan lọ. Ibi tó sì ti ń pamọ ni òkè pátápátá ayé, ní ilẹ̀ yìnyín bíi Greenland. Láti ibẹ̀ ló ti ń fò wá sí etí òkun Áfíríkà lọ́dọọdún, tó sì tún ń padà.

Báwo la ṣe mọ̀? Onísáyẹ́ǹsì ará Netherlands kan wà, Jeroen Reneerkens ni wọ́n ń pè é. Láti 2007 ni òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi òrùka aláwọ̀ sí ẹyẹ yìí lẹ́sẹ̀, pupa, búlúù, ìyeyè, ní ìtòtẹ̀léra, tó fi jẹ́ pé kò sí méjì tí ti wọn bá ara mu. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan kò lè dúró sí gbogbo etí òkun ayé kó máa retí ẹyẹ. Àwọn ará ìlú ló ń bá a wò ó. Ẹni tó ń rìn kiri etí òkun ní Britain rí òrùka, ó kọ ọ́ ránṣẹ́. Ẹnì kan rí i ní Mauritania, ẹnì kan ní Gánà, ẹnì kan ní Namibia. Ẹni tó rí i lè jẹ́ tíṣà, ó lè jẹ́ awakọ̀, ó lè jẹ́ ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Ohun tó ní kò ju ojú, ìwé, àti ọjọ́ tó kọ sórí ìwé náà. Ohun tí wọ́n ń pè ní sáyẹ́ǹsì ará ìlú nìyẹn, kò sí idán níbẹ̀.

Gánà tí mo dárúkọ yẹn ní ìtàn tó yẹ ká gbọ́, torí pé òkun kan náà ni tiwọn àti tiwa. Ẹyẹ òkun mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní roseate tern. Funfun ni, ìrù rẹ̀ gùn, ó là sí méjì bí ìrù alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Ireland àti Britain ló ti ń pamọ. Bí òtútù bá dé, etí òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló ń sá wá, pàápàá jù lọ Gánà. Ní àwọn ọdún 1970, iye rẹ̀ já wálẹ̀ gidigidi lọ́hùn-ún, orí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ sì dàrú. Òrùka ló tú àṣírí. Òrùka tí wọ́n fi ń sí ọmọ ẹyẹ lẹ́sẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀ àti ibi tí èèyàn lè kọ̀wé sí. Nígbà tí òrùka tó ń padà wá láti Gánà pọ̀, ó hàn gbangba pé àwọn ọmọkùnrin etí òkun ló ń fi okùn àti ìwọ̀ dẹ ẹyẹ náà. Ní 1985, ìjọba Gánà pẹ̀lú ẹgbẹ́ RSPB ti Britain àti ẹgbẹ́ àgbáyé tó di BirdLife International lónìí dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti gba ẹyẹ etí òkun là. Wọ́n dá ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ ẹranko sílẹ̀ láwọn ilé ẹ̀kọ́, wọ́n kọ́ àwọn ọmọ láti máa wo ẹyẹ. Irú àwọn ọmọ tó ń dẹ ẹ́ ni wọ́n fẹ́ kó máa kà á. Lónìí, erékùṣù kékeré kan tó ń jẹ́ Rockabill, nítòsí Dublin, nìkan ń gba ju 1,000 tọkọtaya ẹyẹ náà lọ nígbà ìpamọ.

Mi ò ní í pẹ́ lórí ti òkè òkun. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ Kérésìmesì 1900 ni Frank Chapman kó èèyàn 27 jọ pé kí wọ́n máa ka ẹyẹ dípò kí wọ́n máa yìnbọn sí i. Wọ́n ṣì ń ṣe é títí dòní. Kíka ẹyẹ omi ní oṣù kìn-ín-ní bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ti Áfíríkà sì bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Ẹlẹgbẹ́ wa kan tó ń gbé ní Essex sọ fún mi pé Sunday kan lóṣooṣù lòun ń lọ ka ẹyẹ ní ẹnu odò Thames pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà kan. Ó ní òtútù ibẹ̀ kò dára, ṣùgbọ́n òun ò pa á jẹ. Ẹni yìí kan náà ni kì í wá síbi ìmọ́tótó Sátidé nígbà tí a wà níbí! Ẹ ò rí nǹkan.

Nàìjíríà náà kò sùn. Olóyè Shafi Lawal Edu, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ló dá Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ ní 1980. Àwọn ló ni ọgbà ìdáàbòbò ẹranko tó wà ní Lẹ́kkí, tí wọ́n ṣí ní 1990, ilẹ̀ hẹ́kítà 78, tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti kó ọmọ lọ láti gun afárá orí igi. Ní Jos, ilé ẹ̀kọ́ gíga nípa ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní APLORI wà láti 2001. Láti 2015 sì ni iṣẹ́ kan ti ń lọ tí wọ́n fi pín gbogbo Nàìjíríà sí igun mẹ́rin mẹ́rin, ìhà kọ̀ọ̀kan tó kìlómítà mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ á lọ sínú ọ̀kan, á lo wákàtí méjì ó kéré tán, á máa kọ ẹyẹ tó bá rí ní ìtòtẹ̀léra bó ṣe rí i, sínú ètò kan lórí fóònù tí wọ́n ń pè ní BirdLasser. Bó o bá mọ lékelèké, tó o mọ awòdì, tó o mọ ẹ̀gà tó ń pariwo lórí ọ̀pẹ, o ti bẹ̀rẹ̀. Ìyókù á máa yé ọ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, iṣẹ́ ìròyìn gbé mi dé abúlé apẹja kan lápá Ìbẹ̀jù. Ilé iṣẹ́ kan, n kò ní í dárúkọ rẹ̀, fẹ́ kọ́ nǹkan sí etí òkun ibẹ̀. Wọ́n pe àwọn ará abúlé jọ sábẹ́ àtíbàbà, wọ́n pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n wá ka ìwé tí wọ́n kọ lórí ohun tí iṣẹ́ náà yóò ṣe sí àyíká. Òfin ilẹ̀ wa láti 1992 ló sọ pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, kí ará ìlú sì ráyè sọ tẹnu rẹ̀. Ìwé náà nípọn. Ibi tó kan ẹranko nínú rẹ̀ kò pé ojú ewé méjì. Wọ́n ní àwọn lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀, àwọn kò rí ẹranko kan tó jọjú.

Bàbá kan dìde. Ó tó ẹni ọgọ́rin ọdún, wọ́n tì í lẹ́yìn kó tó lè nàró. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ìjàpá òkun máa ń gun iyanrìn yìí wá yé ẹyin. Bàbá mi bá a níbẹ̀. Èmi náà bá a níbẹ̀."

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ka ìwé kò rí bàbá fín o. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣé, sà. Mélòó ni wọ́n, sà? Ọdún wo? Ṣé àkọsílẹ̀ kankan wà?"

Bàbá wo ilẹ̀. Ó ní, "Ta ni yóò máa kọ irú èyí sílẹ̀?" Ó sì jókòó.

Ìpàdé ń bá a lọ. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ará abúlé kò ní àtakò. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí ẹni tó purọ́ lábẹ́ àtíbàbà yẹn. Òótọ́ ni bàbá sọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn náà kò purọ́: ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n lọ wò, inú oṣù keje ni, òjò ń rọ̀, àsìkò ìjàpá kò sì tíì tó. Ṣùgbọ́n òótọ́ ẹnì kan ní ọjọ́ àti nọ́ńbà, ti ẹnì kejì kò ní. Èyí tó ní nọ́ńbà ló wọ ìwé.

Báyìí náà ló rí níbi gíga. Àdéhùn kan wà tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní ìlú Ramsar, ní Iran, ní 1971, láti dáàbò bo ọ̀sà, àbàtà àti ẹ̀bá òkun. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi ń mọ ibi tó yẹ kí orúkọ rẹ̀ wọlé ni iye: bí ẹyẹ omi 20,000 bá ń wá síbẹ̀ déédéé, tàbí bí ibẹ̀ bá ń gba ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo irú ẹyẹ kan. Nàìjíríà ti ní ibi 11 lórí ìwé náà nígbà tó fi di 2008. Adágún Nguru wà níbẹ̀, adágún Oguta wà níbẹ̀, Apoi Creek ní Bayelsa wà níbẹ̀. Ọ̀sà Èkó kò sí nínú wọn. Ọ̀sà Lẹ́kkí kò sí nínú wọn. Mi ò sọ pé àìka ẹyẹ nìkan ló fà á. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ bá wa béèrè, nọ́ńbà ni wọn yóò kọ́kọ́ bi í.

Ó yá, ìjàpá òkun. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, ẹ fara dà á fún mi díẹ̀.

Kì í ṣe ìjàpá inú àlọ́ wa tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin wọ́ kiri. Èyí ní apá bí àjẹ̀ ọkọ̀, inú omi ló ń gbé ayé rẹ̀. Abo nìkan ló ń gun òkè, lóru, láti wá yé ẹyin sínú iyanrìn. Irú rẹ̀ márùn-ún ló wà ní òkun apá ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀kan nínú wọn, olive ridley, kò tóbi púpọ̀. Ọkùnrin méjì á gbé e láìmí hẹlẹ. Leatherback wà, bàbá gbogbo wọn: kò ní igbá líle lẹ́yìn, awọ dúdú bíi rọ́bà ló bò ó, ó sì lè wúwo ju kílò 500 lọ, ìyẹn àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́wàá. Olive ridley á yé nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ẹyin lẹ́ẹ̀kan, á fi iyanrìn bò ó, á padà sómi, kò tún ní í bojú wẹ̀yìn. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 45 sí 60, àwọn ọmọ á pa, wọ́n á hú jáde lóru, wọ́n á sì doríkọ ibi tó bá mọ́lẹ̀ jù. Láyé bàbá abúlé yẹn, ojú òkun ló mọ́lẹ̀ jù lóru. Lóde òní, iná ilé ìgbafẹ́ ló mọ́lẹ̀ jù; àwọn ọmọ ìjàpá á kọrí sí ojú títì. Ohun mìíràn tó yà mí lẹ́nu ni pé ooru iyanrìn ló ń pinnu akọ tàbí abo. Bí iyanrìn bá gbóná, abo ló máa ń pọ̀. Bí ó bá tutù, akọ.

Ẹ ò ní láti rí ìjàpá fúnra rẹ̀ kí ẹ tó lè kà á. Ipa rẹ̀ ni à ń kà. Bí ẹ bá dé etí òkun ní ìdájí, kí oòrùn àti ẹsẹ̀ èèyàn tó bà á jẹ́, ẹ óò rí ipa tó gùn òkè láti inú omi, tó tún padà, bíi ti táyà katakata kékeré. Ẹ mú teepu tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ. Ẹ wọn bó ṣe fẹ̀. Ti olive ridley kì í sábà ju 80 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ti leatherback lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì. Ẹ tún wo bí àmì apá rẹ̀ ṣe tò. Olive ridley ń rìn bí èèyàn, ọ̀tún ṣáájú, òsì tẹ̀lé e. Leatherback ń ju apá méjèèjì síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó ń fi igi méjì rìn. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi bíróò lélẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ipa náà kí ẹni tó bá wo fọ́tò lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ kọ ọjọ́, agogo, àti ibi tó wà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹsẹ̀ fa ìlà kan kọjá lórí ipa náà, kí ẹni tó ń bọ̀ lọ́la má baà tún un kà.

Kí ẹ sì má ṣe kọ ọ́ pé ìjàpá mẹ́wàá torí pé ẹ rí ipa mẹ́wàá. Ìjàpá kan lè gun òkè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní àsìkò kan. Nígbà mìíràn, á gun òkè, nǹkan á dẹ́rù bà á, á padà láìyé ẹyin. Ipa ni ẹ rí, ipa ni kí ẹ kọ. Ẹ̀yin oníròyìn ẹlẹgbẹ́ mi tó wà níbí, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá náà.

Bẹ́ẹ̀ ni ti òdo. Bí ẹ bá rìn kìlómítà méjì tí ẹ kò rí nǹkan kan, ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ agogo, ẹ kọ òdo. Ìwà wa ni pé bí a kò bá rí nǹkan, a ò ní kọ nǹkan, a ó ní ìrìn asán la rìn. Kì í ṣe asán rárá. Ẹni tó bá ka ìwé wa lọ́dún mẹ́wàá sí i, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá ìjàpá ni kò wá tàbí àwa ni a kò lọ? Ọ̀rọ̀ kan náà ni ti ilé iṣẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta yẹn. Òdo oṣù keje wọn kì bá tí lágbára tó bẹ́ẹ̀ ká ní ẹnì kan mú ìwé oṣù kọkànlá dání.

Fún ẹyẹ, ẹ ka mẹ́wàá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ wo àyè tí mẹ́wàá yẹn gbà, kí ẹ wá fi ìwọ̀n yẹn lọ títí dé òpin agbo. Ẹni méjì ló yẹ kó kà á láìsọ fún ara wọn kí wọ́n tó kọ ọ́. Ẹ óò rí i pé iye yín á yàtọ̀. Ẹ má jà. Ẹ kọ méjèèjì.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi etí méjèèjì gbọ́. Bí ẹ bá rí ibi tí ìjàpá yé ẹyin sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sórí status WhatsApp yín. Mo mọ̀ yín. Ẹni tó ń jẹ ẹyin náà ní fóònù. Ètò kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ iNaturalist, láti 2008. Ẹ ya fọ́tò, ẹ fi ránṣẹ́, àwọn tó mọ̀ ọ́n níbikíbi láyé á bá yín sọ orúkọ rẹ̀. Fún ẹranko tó wà nínú ewu, ètò náà máa ń fi ojúlé ibi tí ẹ ti rí i pamọ́ fún ará ìta. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé àkọsílẹ̀ lè di ẹ̀bìtì. Ìwé tiwa náà gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀: ibi pàtó wà nínú ìwé, ìwé wà nínú àpótí, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ olùkọ́. Ẹ má sì fọwọ́ kan ẹyin, bí ẹ tiẹ̀ rò pé ẹ ń ràn án lọ́wọ́.

Ó ku àwọn apẹja. Èrò tèmi ni pé bí a bá lọ bá wọn pẹ̀lú awò ìríran àti fìlà òyìnbó, ká máa kọ́ wọn nípa òkun tí wọ́n bí wọn sí, ó yẹ kí wọ́n lé wa. Ìlàjẹ, Ègùn, Àwórì, àwọn ni onímọ̀ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ kan wà lápá Lẹ́kkí, Greenfingers Wildlife Conservation Initiative tí Chinedu Mogbo dá sílẹ̀. Àwọn apẹja máa ń pè é bí ìjàpá bá há sínú àwọ̀n. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ni pé ó mọ̀ pé àwọ̀n tó ya lówó lórí. Apẹja tó gé àwọ̀n rẹ̀ kí ìjàpá lè lọ ti pàdánù oúnjẹ ọjọ́ yẹn. Èmi ò fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ jẹ́. Ọ̀fẹ́ ni fún èmi àti ẹ̀yin tí a ń gba owó oṣù. Ẹni tó bá fi òwúrọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láti mú wa rìn, ẹ jẹ́ ká fún un ní owó ọkọ̀ àti owó àwọ̀n, ká sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó rí nǹkan, bó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, iṣẹ́ yín wà nílé. Bar Beach tí ẹ ti gun ẹṣin ya fọ́tò kò sí mọ́. Eko Atlantic ló wà níbẹ̀ báyìí, yanrìn ni wọ́n kó dí òkun. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Ayétòrò tí wọ́n tẹ̀dó ní 1947, òkun ti gbé ilé àti ojú pópó rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n fọ́tò yín wà nínú álúbọ́ọ̀mù. Ẹ yí i padà, ọjọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀: Ọdún Àjíǹde 1984, Bóksìn Déè 1991. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹṣin náà dáadáa. Bí iyanrìn ṣe fẹ̀ tó hàn níbẹ̀. Ẹyẹ tó dúró létí omi, tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò wò lọ́jọ́ náà, ó hàn níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ ni, tí kò ná wa ní nǹkan kan. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa kan ti fún mi ní mẹ́rin. Nínú ọ̀kan, ẹyẹ kéékèèké méje wà lẹ́yìn ọkọ wọn. Ọkọ wọn gan-an ni kò hàn dáadáa.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún nìyí. Kí ẹgbẹ́ wa mú kìlómítà méjì péré ní etí òkun tó sún mọ́ ilé ẹ̀kọ́ yìí, ká pè é ní tiwa láti máa kà. Láti oṣù kẹwàá sí oṣù kẹta, lọ́jọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, ẹni méjì nínú wa, olùkọ́ kan, àti ọmọ mẹ́rin láti ẹgbẹ́ JETS, kí wọ́n rìn ín ní ìdájí láti wá ipa ìjàpá. Ní àárín oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí ayé ń ka ẹyẹ omi, kí àwa náà kà á. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ti gbà kí ìwé náà máa gbé ní láíbìrì, ká máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Jos. Owó rẹ̀ kò pọ̀: awò ìríran méjì, ìwé ńlá kan tó ní èèpo líle, teepu, owó ọkọ̀ apẹja tí yóò máa mú wa rìn. Ẹni tó ń gbé ní Essex ti ní òun á ra awò ìríran kan. Ó ku ọ̀kan. Mò ń wo ẹ̀yin íjíńnìà tí ẹ jókòó pọ̀ síbẹ̀ yẹn.

Àwọn kan á béèrè pé ọdún mélòó ni yóò gbà kí ìwé yìí tó wúlò. Kò ní í wúlò fún ọdún kìíní. Ọdún kẹta, kẹrin, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n bá tún pa àtíbàbà, tí wọ́n pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tí ẹnì kan bá ní "Mélòó? Ọdún wo?", ọmọ tó wà ní JSS 1 lónìí lè ti jáde ilé ẹ̀kọ́, kí òun gan-an dìde láti kà á fún wọn, oṣù sí oṣù, òdo pẹ̀lú.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹwàá ni a ó bẹ̀rẹ̀. Agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, níwájú géètì. Ẹ má wọ bàtà tí ẹ fẹ́ràn. Ẹ mú omi mímu àti fìlà. Ẹ̀yin tí ẹ bá mú tọ́ọ̀ṣì dání, ẹ fi ọ̀rá pupa dì í lójú, ìjàpá kò fẹ́ iná funfun. Ìwé wà lórí tábìlì lọ́hùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń pín jọ̀lọ́ọ̀fù, kí ẹni tó bá fẹ́ lọ kọ orúkọ rẹ̀ kó tó gba àwo. Akọ̀wé ti kọ tirẹ̀.